Ibi Tí Owó Ti Tán Nínú Fíìmù

Nígbà tí fíìmù bá já yín kulẹ̀, kí ló já yín kulẹ̀ gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní, "Fíìmù yẹn ò dáa," wọ́n á pòṣé, wọ́n á sì wá òmíràn. Ìdáhùn yẹn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe lónìí ni pé ká fara balẹ̀ tú ìjákulẹ̀ yẹn wò, pàápàá nínú irú fíìmù méjì tó máa ń fa òṣé jù: fíìmù oníjà àti fíìmù adẹ́rùbani tí wọ́n fi owó pọ́ọ́kú ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ajégúnlẹ̀ tiwa ni mò ń wí o, èyí tí a máa ń bá lójú ọ̀nà Ìkòròdú tí a bá ti kọjá Máìlì 12, tí omi odò Ògùn máa ń wọlé tọ̀ wá, kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ ti Ajérọ̀mí tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí olórin àti agbábọ́ọ̀lù. Níhìn-ín, ọ̀nà tí fíìmù ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro mọ̀. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wà, níbi tí wọ́n ti máa ń fi fíìmù dí àyè nígbà tí kò bá sí ìdíje. Ọmọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà wà, tó ń kó fíìmù sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún ẹni tó bá sanwó. YouTube sì wà lórí fóònù. Kí gbogbo ìwọ̀nyí tó dé, kásẹ́ẹ̀tì ni a ń háyà, lẹ́yìn náà ni àwo tí wọ́n kó ogún fíìmù tàbí ogójì sínú rẹ̀ gbòde, tí wọ́n ya ojú Van Damme àti Schwarzenegger sí lára, tó jẹ́ pé èèyàn lè wo mẹ́wàá nínú rẹ̀ láìrí ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí. Kò sí èyí tí òǹwòran ti ń fi orúkọ olùdarí yan fíìmù. Àwòrán ojú páálí àti àkọlé nìkan la fi ń yàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ré kọjá sí Gánà díẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, nígbà tí fídíò kásẹ́ẹ̀tì gbòde níbẹ̀, àwọn kan máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn, wọ́n á sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wòran. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn, pósítà ò bá a wá láti Amẹ́ríkà tàbí Hong Kong. Ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán. Àwọn yìí á tú àpò ìyẹ̀fun, wọ́n á rán an pọ̀ kó lè fẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀dà ya pósítà sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ayàwòrán ò tíì wo fíìmù náà rí. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n sọ fún un, tàbí kó jẹ́ páálí kásẹ́ẹ̀tì ló rí. Iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà á fún ni pé kó fa èrò wá, wọn ò ní kó jẹ́rìí òtítọ́. Ejò tó yọ orí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú fíìmù lè di erin lójú pósítà. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn nínú fíìmù lè máa gbé orí ara rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Lónìí, àwọn olówó Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń ra àwọn pósítà yẹn, wọ́n ń fi wọ́n kọ́ sí ilé ìṣàfihàn àwòrán, Ernie Wolfe sì tẹ odidi ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 2000, Extreme Canvas ni orúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù tí wọ́n fi pósítà wọ̀nyẹn polówó, kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́.

Ẹ wò ó báyìí: ẹni tó sanwó nítorí ejò tó tó erin, tó wá rí ejò tó tó okùn ṣòkòtò, ta ló já a kulẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe fíìmù náà má ṣèlérí erin kankan fún un. Àpò rẹ̀ mọ́ níwọ̀n, ó sì ṣe ohun tí àpò rẹ̀ gbé. Ẹlòmíràn ló bá a ṣèlérí tí kò lè mú ṣẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìwòran nìyí: ìjákulẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín ìlérí fíìmù àti agbára àpò rẹ̀. Kì í ṣe òṣì ló ń dá a sílẹ̀. Fíìmù olówó ńlá náà lè já èèyàn kulẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù olówó pọ́ọ́kú ló dára jù láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé inú rẹ̀ la ti lè fojú rí ibi tí owó ti tán.

Nígbà míì, orúkọ ni wọ́n fi ń ṣèlérí, wọn kì í lo àwòrán. Bruce Lee kú ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1973, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan dé gbogbo ayé. Ọjà ń béèrè fíìmù rẹ̀, òkú ò sì lè ṣe fíìmù. Àwọn oníṣòwò wá àwọn tó jọ ọ́ kiri ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n gé irun wọn bíi tirẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ wọn padà. Ará Taiwan kan tó ń jẹ́ Ho Chung-tao di Bruce Li. Òmíràn di Bruce Le. Ará Kòríà kan di Dragon Lee. Lẹ́tà kan tàbí méjì péré ló ya Bruce Li àti Bruce Le sọ́tọ̀ sí Bruce Lee, ta ni yóò sì máa ṣírò lẹ́tà níwájú ẹni tó ń háyà kásẹ́ẹ̀tì? Kódà, fíìmù tí Bruce Lee fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò parí, Game of Death, tí wọ́n gbé jáde ní 1978, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òun tìkára rẹ̀ fi wà nínú rẹ̀. Àwọn arọ́pò ló kó ìyókù. Ibì kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ àwòrán ojú rẹ̀ mọ́ dígí, kó lè dà bíi pé òun ló jókòó síwájú dígí náà. Ẹni tó bá ti mọ ibẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi wò ó.

Ọ̀gá gbogbo wọn nínú iṣẹ́ àlẹ̀mọ́ ni Godfrey Ho, olùdarí fíìmù ní Hong Kong, tó bá Joseph Lai ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ IFD Films and Arts. Láàárín àwọn ọdún 1980, nínjà ni gbogbo ọmọdé ń fẹ́ rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á ra fíìmù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ láti Kòríà, Thailand, Taiwan tàbí Philippines. Wọ́n á wá kó òyìnbó mélòó kan jọ, wọ́n á wọ aṣọ nínjà pupa, funfun tàbí òféèfé fún wọn, wọ́n á so ọ̀já tí wọ́n kọ "NINJA" sí gàdàgbà mọ́ wọn níwájú orí, bí ẹni pé nínjà, tí fífara pamọ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ń bẹ̀rù kí àwọn èèyàn má baà dá a mọ̀. Wọ́n á ya ìjà díẹ̀ nínú ọgbà kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé fíìmù méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bo gbogbo rẹ̀, ìtàn méjì tí kò mọ ara wọn rí á sì di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Báwo ni òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà yóò ṣe bá ará Kòríà tí wọ́n ti yà tipẹ́ sọ̀rọ̀? Fóònù ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Nínú Ninja Terminator, tó jáde ní 1985, Richard Harrison, òṣèré Amẹ́ríkà tó ti ṣe fíìmù púpọ̀ ní Ítálì, ló ń fi tẹlifóònù tí wọ́n ṣe bíi Garfield, ológbò inú àwòrán ẹ̀fẹ̀, pàṣẹ ìjà. Akọni jagunjagun ń fi ológbò aláwọ̀ ọsàn sétí! Ìwọ̀nba fíìmù ni Harrison gbà láti ṣe, àmọ́ wọ́n pín àwòrán rẹ̀ sínú fíìmù lóríṣiríṣi, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ náà ba orúkọ òun jẹ́.

Ẹ̀kọ́ òǹwòran wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn méjì bá ń jà tàbí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n jọ wà nínú àwòrán kan náà. Bí kámẹ́rà bá ń fi ọ̀kan hàn, tó tún yí sí èkejì, tó tún padà, tí ẹ ò rí àwọn méjèèjì papọ̀ rí, ẹ fura. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ya wọ́n. Ó lè má jẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà pàápàá. Nínú fíìmù tiwa, ó sábà máa ń jẹ́ pé owó ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí san fún òṣèré ńlá tó wà lójú pósítà. Wọ́n á ya gbogbo tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, yóò wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú kan, yóò máa fi fóònù pàṣẹ, àwọn òṣèré kéékèèké á sì lọ jìyà ìyókù nínú igbó.

Ẹ jẹ́ ká wá sí òru, nítorí òru ni ilé fíìmù adẹ́rùbani. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ò mọ̀ ni pé òkùnkùn wọ́n. Kámẹ́rà kì í rí òkùnkùn bí ojú wa ṣe ń rí i. Bí iná ò bá tó, àwòrán á máa hó bí omi ìfọṣọ, ojú èèyàn á sì di àbàwọ́n. Nítorí náà, kí òru tó lè dà bí òru nínú fíìmù, wọ́n ní láti tan iná ńlá sí i. Iná fẹ́ ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ẹ̀lẹ́tíríìkì ti lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ariwo náà sì ń wọ máíkì. Olówó á gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí òpópónà kejì, á fa wáyà gígùn wá, ṣùgbọ́n wáyà gígùn tó lè gbé irú iná bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Bí kò bá sí wáyà, jẹnẹrétọ̀ á wà nítòsí, ariwo rẹ̀ á wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí òṣèré sọ. Nígbà tí wọ́n bá ń to fíìmù náà pọ̀, wọ́n á gbọ́ ọ, ìtìjú á mú wọn, wọ́n á da orin lé e lórí. Orin á bo jẹnẹrétọ̀, á sì bo òṣèré pẹ̀lú. Òkú á jáde láti inú ibojì wá sọ orúkọ ẹni tó pa á, ìlù la ó gbọ́. Àìsí wáyà kan ló sọ òkú di odi.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn báyìí nítorí pé ó kọ́ wa láti má ṣe bú ẹni tí kò lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ òṣèré tí a ní kò mọ eré ṣe, máíkì ló ṣẹ̀ wọ́n. Àpẹẹrẹ tó le jù nínú èyí ni fíìmù Manos: The Hands of Fate, tí Harold Warren, oníṣòwò ajílẹ̀ ní El Paso ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣe ní 1966. Kámẹ́rà tó lò kò lè ṣiṣẹ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 32 lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì gba ohùn kankan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yà á. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló wá fi ohùn sí gbogbo òṣèré lẹ́nu lẹ́yìn náà. Títí dòní, àwọn tó ń ka fíìmù tó burú jù láyé kì í fo Manos. Mo ti wò ó dé òpin. Kì í ṣe ohun tí mo máa gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn.

Ti ìbọn yá tètè yé. Ìbọn gidi àti ọta tí kò ní orí gba àṣẹ àti owó, nítorí náà ìbọn onígi tàbí ti ọmọdé ni wọ́n ń lò, kọ̀ǹpútà á sì fi iná sí i lẹ́nu lẹ́yìn náà. Ẹ wo apá ẹni tó yìnbọn: ṣé ó ta padà? Ẹ wo ilẹ̀: ṣé ìdí ọta já bọ́? Ẹ wo ògiri tó wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n yìnbọn fún: ṣé ó lu? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá, kọ̀ǹpútà ló jà. Mi ò ní kí ẹ má gbádùn rẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀tàn fúnra rẹ̀ ló burú. Ẹ̀tàn ni gbogbo fíìmù. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ẹ̀tàn àtijọ́ tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: Georges Méliès, onídán ilẹ̀ Faransé, ló fi í dá àrà ní 1896. Kámẹ́rà dúró, obìnrin tó jókòó kúrò lórí àga, kámẹ́rà tún bẹ̀rẹ̀, obìnrin ti pòórá. Gbogbo bàbá arúgbó tó parẹ́ mọ́ wa lójú nínú fíìmù Yorùbá, ọgbọ́n Méliès ló fi parẹ́.

Àwọn àgbà wa mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé Aiyé jáde ní 1979, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀, tó tún gbé Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣeré orí ìtàgé kiri. Ó mọ ohun tó ń ba òǹwòran Yorùbá lẹ́rù kó tó rí kámẹ́rà. Ẹ wo àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, bíi Fádèyí Olóró àti Àbíjà Wàràbíẹkùn. Kí ni ohun ìjà wọn? Ọfọ̀ ni. Ọkùnrin méjì á dúró nínú igbó, wọ́n á máa pe ọfọ̀ síra wọn, ara òǹwòran á sì máa ṣe gìrìgìrì. Kò sí iná kọ̀ǹpútà, kò sí ẹranko abàmì. Ẹnu òṣèré ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ló ń parí rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ilé iṣẹ́ fíìmù kankan láyé tó ní ohun ìdẹ́rùbani tó pọ́ọ́kú tó sì lágbára tó báyìí. Ọjọ́ tí iná aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látọwọ́ àwọn babaláwo inú fídíò ni ẹ̀rù ti kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹnu nìkan ń sọ̀rọ̀, a gbà á gbọ́. Nígbà tí iná jáde, a rí i pé iná náà kò dára tó ti Amẹ́ríkà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wéra.

Owó náà ló fa ìyípadà yẹn. Fíìmù ti ayé Ogunde, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó òkè òkun ni wọ́n sì ń san. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 tí wọ́n ń pè ní SAP, ìwọ̀nba èèyàn ló lè dá a láṣà mọ́. Fídíò kásẹ́ẹ̀tì ló gba àyè rẹ̀. Ní Gánà, William Akuffo ti ya Zinabu, ìtàn àjẹ́ kan, sórí fídíò ní 1987. Nílẹ̀ wa, Kenneth Nnebue, oníṣòwò Ìgbò, gbé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi jáde lórí fídíò ní 1989 pẹ̀lú àwọn òṣèré Yorùbá, kó tó wá gbé Living in Bondage jáde ní 1992, ìtàn ọkùnrin tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe ògùn owó. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣèèṣì. Fíìmù adẹ́rùbani kò fẹ́ òṣèré olókìkí, kò fẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kò fẹ́ ààfin. Ilé kan, òru kan àti ohun tí gbogbo wa ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ti tó o. Ìdí tí tálákà aṣefíìmù káàkiri ayé fi ń sá tọ ẹ̀rù nìyẹn.

Láti inú fídíò ni ìjákulẹ̀ tiwa gangan ti jáde: apá kejì. Ibi tí ọmọ fẹ́ mọ ẹni tó pa bàbá rẹ̀, àwòrán á dúró, wọ́n á ní ká máa retí apá kejì. Ìdí rẹ̀ ò ju pé owó ìyàwòrán ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ná, owó àwo méjì ni wọ́n sì fẹ́ pa. Kí ìtàn lè tó méjì, wọ́n á fa apá kìn-ín-ní gùn. Ọkọ̀ á ti ẹnu géètì wọlé, a ó wò ó títí tí yóò fi dúró, ilẹ̀kùn á ṣí, onítọ̀hún á sọ̀kalẹ̀, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn. Kò tíì sọ̀rọ̀ kankan. Lórí YouTube lónìí, àwòrán ojú fídíò ló ti gba iṣẹ́ ayàwòrán Gánà ṣe. Àwòrán obìnrin tó ní ìwo, tí kiniun dúró tì, ni ẹ ó tẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ ló ṣì ń jà sí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ má sì rò pé tiwa nìkan ni. Fíìmù Troll 2, tí àwọn ará Ítálì lọ yà ní Utah ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1990, kò sí troll, ìyẹn iwin inú àlọ́ òyìnbó, kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò sì bá Troll àkọ́kọ́ tan rárá. Orúkọ tó ti tà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yá.

Ẹ wá bi mí pé, ṣé fíìmù olówó pọ́ọ́kú kan wà tó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ? Ó wà.

Ní 1968, George Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe Night of the Living Dead nítòsí Pittsburgh, pẹ̀lú nǹkan bí 114,000 dọ́là. Owó yẹn kéré gan-an fún fíìmù ní Amẹ́ríkà. Àwòrán dúdú àti funfun ni wọ́n yà, nítorí náà omi ṣokoléètì tó fún wọn láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Owó wọn gbé ilé oko kan, wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn sínú ilé oko kan náà. Ibi tí owó ti tán ni ògiri ilé náà, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn òkú máa lu ògiri yẹn láti òde. Mo fẹ́ kí ẹ wò ó dáadáa: àìlówó kò fara pamọ́ nínú fíìmù yìí, òun gan-an ló di ẹ̀rù. Orí kò ṣe wọ́n re ní ti òwò, ṣá. Nígbà tí àwọn tó pín fíìmù náà yí àkọlé rẹ̀ padà, wọ́n gbàgbé láti fi àmì ẹ̀tọ́ oníǹkan sí i, ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ tà. Ìdí tó fi pọ̀ káàkiri nìyẹn.

C.J. Obasi, ọmọ Nàìjíríà, rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára fíìmù Romero. Ó ṣe Ojuju láìsí owó kan tó ṣe gúnmọ́ lọ́wọ́, fíìmù náà sì gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dára jù ní àjọ̀dún fíìmù AFRIFF ní 2014. Gabriel Afọláyan, ọmọ Adé Love, ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Àdúgbò tálákà kan ní Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn tó mu ún sì ń dà bí òkú tó ń rìn, wọ́n ń pa ará àdúgbò. Obasi kò kọ́ ààfin, kò ra ọkọ̀ sun. Ọ̀nà tóóró àárín ilé, ibi tí èèyàn kò lè sá kọjá ẹnìkejì, ló fi dẹ́rù bà wá. Àwa tí omi odò máa ń bá lórí ibùsùn, tí a ti rí omi kànga tó yí àwọ̀ padà lẹ́yìn ìkún omi, kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé ẹ̀rù yẹn fún wa.

Ọ̀nà míràn ni Isaac Nabwana gbà ní Wakaliga, àdúgbò tálákà kan ní Kampala ní Uganda. Ó gbé Who Killed Captain Alex? jáde ní 2010 pẹ̀lú owó tí wọ́n ní kò ju 200 dọ́là lọ. Ìbọn wọn, àwọn ará àdúgbò ló rọ ọ́. Hẹlikọ́pítà wọn, inú kọ̀ǹpútà ló wà, ọmọdé á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà, VJ Emmie, tó ń sọ̀rọ̀ lé fíìmù náà lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń hó, tó ń yọ àwọn òṣèré lẹ́nu, tó ń polówó fíìmù náà fún ẹni tó ti ń wò ó lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ níbẹ̀. Láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní ni wọ́n ti sọ iye tó wà nínú àpò wọn fún wa, ẹ̀rín sì ni ìlérí wọn. Àwọn èèyàn láti òkèèrè ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Wakaliga kí wọ́n lè kú nínú fíìmù Nabwana.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ikorodu Bois, àwọn ọmọ ọ̀nà wa yìí gan-an. Ọmọlanke, ìkòkò, ìgbálẹ̀ àti ọ̀pá ni wọ́n fi ń ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù olówó ńlá, wọ́n á sì gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó kí gbogbo ayé lè fi wéra. Ní 2020, àwòkọ tí wọ́n ṣe fún fíìmù Extraction dé ojú àwọn tó ṣe fíìmù náà, Netflix sì fi ohun èlò ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Ìgbálẹ̀ kò díbọ́n pé òun kì í ṣe ìgbálẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Ẹ yan fíìmù oníjà tàbí adẹ́rùbani kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ohun tí àwòrán ojú rẹ̀ ṣèlérí sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ń wò ó, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí owó tán, àti ohun tí aṣefíìmù ṣe níbẹ̀: ṣé ó purọ́, ṣé ó fara pamọ́, àbí ó rí ọgbọ́n dá? Lẹ́yìn náà, ẹ wo Ojuju, kí ẹ dáhùn ìbéèrè kan náà. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé fíìmù náà ò dáa. Mi ò ní fún ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ní máàkì kankan.